Ẹṣin tó ń ṣe ìṣirò ní Ìjẹ̀bú-Òde, fóònù tó ń fọhùn: ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ?

Ọmọ Pòróógùn (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Awùjalẹ̀ àti ẹ̀yin ará Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti Ojúde Ọba tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ṣe tiwọn tán níwájú Kábíyèsí, a kóra jọ sí ẹ̀yìn ilé ẹbí ìyá mi, níbi tí wọ́n so ẹṣin mẹ́ta mọ́. Funfun inú wọn ni gbogbo èrò pagbo yí ká. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á bi í pé, "Mẹ́ta àti méjì, mélòó ló jẹ́?" Ẹṣin á fi pátákò gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, á sì dúró. "Mú méjì kúrò nínú mẹ́fà." Ẹ̀ẹ̀mẹrin géérégé. Owó ń bọ́ sílẹ̀. Èmi náà fi tèmi sí i.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gba fóònù mi, ó sì bi AI tó wà nínú rẹ̀ pé ṣé ẹṣin mọ ìṣirò. Ó fi Yorùbá dá a lóhùn, gbólóhùn tó já gaara. Ọmọ náà wá kọjú sí mi: "Dádì, ẹṣin dáhùn, fóònù dáhùn. Ṣé àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ?"

N kò rí èsì fọ̀ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí.

Ìyá Ewúrẹ́ (Odògbolú)

Ti ẹṣin kò yé mi, ewúrẹ́ ni mo ń sìn. Mo ní abo kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu gbé ìdábùú ilẹ̀kùn ọgbà sókè. Mo yí i padà, mo fi okùn dè é. Ó gbìyànjú títí, kò lè tú u. Ẹ wò ó, ó yíjú sí mi, ó ń wò mí lójú, ó tún wo okùn, ó tún wò mí. Ta ló máa sọ fún mi pé ìyẹn kì í ṣe ìrònú?

Olùkọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú ọmọ o, Ọmọ Pòróógùn. Ẹ bá mi sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé. Òun gan-an ni àwọn tó ń wádìí bí ènìyàn, ẹranko àti ẹ̀rọ ṣe ń ronú fi ń jẹun.

Ẹṣin kan wà ní Berlin, ní Jámánì, tó ṣe irú èyí tí ẹ rí gẹ́lẹ́. Hans lorúkọ rẹ̀. Wilhelm von Osten, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Hans ń ròpọ̀, ó ń yọ kúrò, wọ́n ní ó mọ ọjọ́ inú oṣù pàápàá. Pátákò ló fi ń dáhùn. Bàbá yìí kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá wòran. Ní 1904 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá kalẹ̀, Carl Stumpf, onímọ̀ nípa ìrònú ènìyàn, ló ṣáájú wọn. Wọ́n yẹ ẹṣin wò, wọ́n yẹ olówó rẹ̀ wò, wọn kò rí màgòmágó kankan. Òótọ́ sì ni, kò sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Oskar Pfungst ló wá rí ohun tí gbogbo wọn kò rí, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1907. Ohun méjì ló bi ara rẹ̀. Ẹni tó ń bèèrè, ṣé òun fúnra rẹ̀ mọ èsì? Ẹṣin náà, ṣé ó ń rí ẹni tó ń bèèrè? Nígbà tí von Osten bá mọ èsì, Hans ń gbà á ní 89 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó di 6.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí ènìyàn bá béèrè tán, á tẹ orí síwájú díẹ̀ láti wo pátákò. Ara rẹ̀ á le. Bí òǹkà bá ti pé, ara á rọ̀, orí á gbé sókè ní ìwọ̀n tí ojú ènìyàn kì í rí. Hans ń rí i. Ibẹ̀ ló ti ń dúró. Pfungst tó mọ àṣírí yìí tán gbìyànjú kó má ṣe é mọ́, kò ṣeé ṣe fún un.

Màmá Odògbolú, ti ewúrẹ́ yín náà ní ìwádìí tirẹ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ láti Queen Mary ní London fi oúnjẹ sínú àpótí tí ewúrẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí, wọ́n wá dé e pa. Ewúrẹ́ yíjú sí ènìyàn tó dúró níbẹ̀, bí tiyín ṣe ṣe yẹn gan-an. Bí ẹni náà bá kọ ẹ̀yìn sí wọn, wíwò náà ń dín kù.

Atọ́jú-Ẹṣin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, èmi ni mo ń tọ́jú ẹṣin funfun tí Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Pòróógùn sọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ọdún keje rèé tí mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá. N kì í ṣẹ́jú sí i, n kì í fa okùn rẹ̀, n kì í súfèé. Bó bá gbà á, mo fún un ní ìrèké. Bí kò bá gbà á, n kì í nà án. Kí wá ni wọ́n ń pè ní àmì?

Olùkọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. N kò pè yín ní onírọ́, ẹnikẹ́ni kò sì rí irọ́ lọ́wọ́ von Osten. Ó kú ní 1909, ó ṣì gbà pé Hans mọ ìṣirò. Ara ló ń sọ ohun tí ẹnu kò sọ, ẹni tó ni ara kò sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ohun tí Pfungst ṣe ni pé ẹni kan sọ nọ́ńbà kan sí Hans létí, òun náà sọ òmíràn sí i létí, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ ti ẹnì kejì. Àròpọ̀ rẹ̀ wá di ohun tí kò sí lórí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ẹṣin bá mọ ìṣirò lóòótọ́, etí rẹ̀ gbọ́ méjèèjì, kò sí ohun tó yí padà fún un. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá báyìí, kí ẹ tún ṣe mẹ́wàá bí ẹ ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àti èyí tó gbà àti èyí tó ṣì.

Atọ́jú-Ẹṣin

Màá ṣe é ní Sátidé.

Ọ̀ta (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Kí Sátidé tó pé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ayò, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tèmi.

Ọpọ́n ojúlé méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit, Amsterdam, so ẹ̀rọ ìṣirò 144 pọ̀, wọ́n ní kó ka gbogbo ipò tí ọmọ ayò lè wà lórí ọpọ́n, nínú irú ayò wa tí wọ́n ń pè ní awari lọ́dọ̀ wọn. Ipò 889,063,398,406 ni. Wọ́n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, láti ibi tí ọpọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, wọ́n ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣì í ta rárá, ọ̀mì ni.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá mi àgbà kọ́ mi ní ayò lábẹ́ igi ọ̀dán, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. N kò ka ẹgbẹ̀rún ipò rí láyé mi. Bí mo bá wo ọpọ́n, odù tó ń ga, ìyẹn ojúlé tí ọmọ ayò ń pọ̀ sí, ni mo máa ń rí, mo máa ń rí ojúlé tó ṣófo lẹ́yìn òpè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ọwọ́ mi á ti lọ kí n tó mọ ìdí. William Chase àti Herbert Simon ṣe ìwádìí kan lórí irú rẹ̀ ní 1973, lórí ṣẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fi ọpọ́n han ọ̀ta, ẹni tó mọ eré náà dójú àmì, fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n ní kó tò ó padà. Bó bá jẹ́ ọpọ́n eré gidi, ọ̀ta ń rántí ju òpè lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá kàn da ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì sórí rẹ̀ yánayàna, ọ̀ta àti òpè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kì í ṣe pé ọ̀ta ní orí tó tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ, ojú rẹ̀ ló ti mọ bí eré ṣe ń rìn.

Ẹ̀rọ Amsterdam ta ayò, èmi náà ta ayò. Ó ṣeé ṣe kí a mú ọmọ kan náà láti ojúlé kan náà. Ẹni tó bá wo ọwọ́ wa nìkan á ní ohun kan náà la rò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà kí a máa fi èsì nìkan dájọ́, ìbáà ṣe ti ẹṣin, ìbáà ṣe ti fóònù.

Ọmọ Ọdẹ (Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá Ọ̀ta. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ òkété. Àwa tí bàbá wa ń fi tákùté mú un mọ̀ pé orí rẹ̀ pé. Ní Morogoro, ní Tanzania, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ ẹ̀yà òkété láti fi imú wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun, àti àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú itọ́ aláìsàn. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní Cambodia. Ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé bọ́ǹbù kò lè bú lábẹ́ rẹ̀. Ní 2020 wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà PDSA, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ ọ lọ́rùn, òun ni eku àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Ó kú ní January 2022.

Ìdí tí mo fi mú un wá rèé. Ẹni tó mú òkété dání lórí pápá kò mọ ibi tí bọ́ǹbù wà. Bó bá mọ̀ ọ́n ni, kí ló fẹ́ fi òkété ṣe? Nítorí náà kò sí ohun tí òkété lè kà lára rẹ̀. Ìmọ̀ tó wà ní imú òkété, ti òkété ni.

Olùkọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ọmọ Ọdẹ, ẹ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà (Ṣágámù)

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ gbọ́ nípa Berlin yìí kan náà.

Ní 2019, Sebastian Lapuschkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀rọ kan wò tí wọ́n ti kọ́ láti dá nǹkan mọ̀ nínú fọ́tò. Ó ń dá ẹṣin mọ̀ dáadáa. Wọ́n wá ọ̀nà láti mọ apá ibi tí ẹ̀rọ náà ń wò nínú fọ́tò kó tó sọ pé "ẹṣin ni". Wọ́n rò pé orí ni, tàbí ìrù, tàbí gọ̀gọ̀. Igun ìsàlẹ̀ ni! Ọ̀pọ̀ fọ́tò ẹṣin tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ní àkọlé kékeré ní igun, tó sọ ibi tí fọ́tò ti wá. Wọ́n pa àkọlé náà rẹ́, ẹ̀rọ kò rí ẹṣin mọ́. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ní ẹṣin ni. Orúkọ Hans ni wọ́n fi pe irú àṣìṣe yìí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Pfungst ti ṣe tirẹ̀.

Ní ti AI tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà láyé rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́ ni pé kó máa sọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé èyí tó wà níwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti mọ ohun púpọ̀, n kò ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó ń wo ojú mi bí Hans. Mo bi tèmi ní ìbéèrè kan lórí ìtàn ìlú wa, mo kọ ọ́ bí ẹni tó ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà fún mi. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo bi í ní ohun kan náà, mo kọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣiyèméjì. Ó bá mi ṣiyèméjì. N kò fún un ní ìrèké o, ṣùgbọ́n nínú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, àwọn ènìyàn ti jókòó, wọ́n ń yan èsì tó dùn mọ́ wọn.

Àwa náà sì ní ipa tiwa nínú rẹ̀. Ní 1966 Joseph Weizenbaum kọ ELIZA ní MIT, ètò kékeré tó kàn ń yí gbólóhùn ẹni padà di ìbéèrè. Akọ̀wé rẹ̀ ti ń wò ó bó ṣe ń ṣe é, ó mọ̀ pé ètò kọ̀ǹpútà lásán ni, síbẹ̀ nígbà tí akọ̀wé náà ń bá ELIZA sọ̀rọ̀, ó ní kí Weizenbaum jáde kúrò nínú yàrá fún òun.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn

Èyí kan àwa tó wà nílé ìwòsàn. Ní 2018, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀rọ tó ń wo fọ́tò àyà wò, èyí tí wọ́n ní ó ń mọ òtútù àyà. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, ọgbọ́n rẹ̀ jó rẹ̀yìn. Ẹ̀rọ náà ti mọ bí a ṣe ń dá fọ́tò ilé ìwòsàn kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ó sì mọ èyí tí aláìsàn pọ̀ sí. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa níbí, níbi tí ẹ̀rọ fọ́tò wa yàtọ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ dán an wò kí wọ́n tó lò ó fún ìyá mi?

Ayékòótọ́

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná. Ẹ má bínú o, ẹ má jẹ́ kí a sọ gbogbo ẹranko di Hans. Ọgbọ́n odídẹrẹ́ kì í ṣe àwòjú ènìyàn nìkan.

Irene Pepperberg, onímọ̀ tó ń wádìí ọgbọ́n ẹranko, ra odídẹrẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ní 1977, ó sọ ọ́ ní Alex. Odídẹrẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni, tó ní ìkóódẹ pupa ní ìrù. Kò fi oúnjẹ tàn án láti sọ̀rọ̀. Ẹni méjì ló ń jókòó síwájú rẹ̀, ọ̀kan á béèrè, èkejì á dáhùn, nǹkan tí wọ́n bá dárúkọ ni wọ́n á fún ẹni tó gbà á. Odídẹrẹ́ ń wò wọ́n, ó ń jowú, ó fẹ́ gba tirẹ̀. Ṣé kì í ṣe bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè nínú agbo ilé nìyẹn? Alex mọ àwọ̀, ó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan, ó mọ iye rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé nǹkan méjì síwájú rẹ̀ tí wọ́n bi í pé kí ló fi yàtọ̀, á ní àwọ̀ ni, tàbí bó ṣe rí. Bí kò bá yàtọ̀, á ní kò sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi í pé èwo ló tóbi jù nínú méjì tó dọ́gba. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní èyí. Ó ní kò sí.

Pepperberg mọ ìtàn Hans dáadáa. Nígbà ìdánwò, ẹni tó ń tẹ́tí gbọ́ èsì á kọ ẹ̀yìn sí àwo, kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Alex ṣì ń gbà á. Ó kú ní September 2007.

Odídẹrẹ́ ti fẹ́ tán nínú igbó wa nítorí àwọn tó ń mú un tà. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, fẹnu kò pé kí wọ́n fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹyẹ tó lè sọ pé "kò sí" ni à ń dì sínú àgò. Ó ń dùn mí dé egungun.

Ìyá Ewúrẹ́ (Odògbolú)

Ọmọ mi, ó dùn mí náà. Sátidé ti kọjá o. Ẹlẹ́ṣin dà?

Atọ́jú-Ẹṣin

Mo wà níbí, Màmá. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ro bí màá ṣe kọ ọ́.

A kọ́kọ́ ṣe mẹ́wàá bí mo ṣe máa ń ṣe é. Ó gba mẹ́sàn-án. A wá ṣe ti etí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ nọ́ńbà kan sí i ní etí ọ̀tún, mo sọ tèmi ní etí òsì, a pa dà sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pátákò gbálẹ̀. Ó ń gbá a lọ. Ó kọjá mẹ́wàá, ó kọjá méjìlá, ó ń yí orí wá ọ̀dọ̀ mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ló gbà nínú mẹ́wàá. Mo tún ní kí n bi í ní èyí tí mo mọ èsì rẹ̀, ṣùgbọ́n mo dúró sẹ́yìn ẹní tí a fi kọ́ okùn. Kò gba ọ̀kankan. Ó fi imú ń wá mi ní etí ẹní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ya fídíò mẹ́wàá àkọ́kọ́. A wò ó lálẹ́, ó dín ìsáré rẹ̀ kù. Mo rí ara mi. Bí òǹkà bá ti kù ẹyọ kan, mo máa ń dá èémí dúró. Bó bá ti pé, èjìká mi á wálẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ni mo rí i, kò yẹ̀. Olùkọ́, bí ẹ ṣe wí ló rí.

Mo rò pé inú mi máa bàjẹ́. Kò bàjẹ́ bí mo ṣe rò. Fún ọdún méje, ẹṣin yìí ti mọ ìgbà tí mò ń mí àti ìgbà tí n kò mí. Ìyàwó mi kò mọ ìyẹn. Èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tó ń bọ̀ n kò ní gbowó lórí ìṣirò mọ́. Màá sọ ohun tó ń ṣe gan-an fún àwọn èrò, kí wọ́n wo òun, kí wọ́n wo èmi.

Ọmọ Pòróógùn (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọlọ́run á bù kún yín, àbúrò. Mo ka ohun tí ẹ kọ sí etí ọmọ mi. Ó ti ń kọ ìbéèrè tirẹ̀ fún fóònù sínú ìwé, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ èsì rẹ̀; ìyá rẹ̀ ni yóò wá èsì náà lọ́tọ̀, tí yóò fi wé ti fóònù. Ó tún ní kí n bi yín ní ohun kan. Nígbà tí ẹṣin kò mọ ìṣirò, ta ló sọ fún un pé èjìká tó wálẹ̀ túmọ̀ sí "ó tó"?

Atọ́jú-Ẹṣin

Ẹ sọ fún un pé ìrèké ni. Gbogbo ìgbà tó bá dúró níbẹ̀ ni mo máa ń fún un. Èmi ni mo kọ́ ọ, n kò mọ̀ pé mò ń kọ́ ọ.